Bí a ṣe ń ka génie rural láì jẹ́ kí omi inú àgbàdo gbé wa ṣubú

Bí ọmọ bá sọ nílé pé génie rural lòun fẹ́ lọ kà, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ wí ni pé, “Ṣé oko náà lo tún ń padà sí lẹ́yìn gbogbo owó yìí?” Mo gbọ́ tèmi. Ẹ fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ẹ̀kọ́ yìí ni ká fi ìṣirò àti físíìsì ṣètò ohun tó ní ẹ̀mí: àgbàdo inú àká, omi inú ilẹ̀ oko, ẹja inú adágún, ìgbẹ́ màlúù tó ń di gáàsì ìdáná. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń pè é látijọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, fi ọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí kún orúkọ wọn ní 2005. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, génie rural lẹ máa rí lára ìwé, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè wa, UNA, sì wà ní Kétu níbí. Ẹni tó wá láti Pọbẹ̀ kò tilẹ̀ nílò láti rìn jìnnà.

BAC C tàbí D, ìwé ẹ̀rí ìparí girama ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ló bá a mu jù. Orí ìkànnì apresmonbac.bj ni ẹ ti máa yan ilé-ìwé lẹ́yìn èsì. Ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá máa fi hàn yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Licence jẹ́ ọdún mẹ́ta, 180 crédit. Ẹ tẹ̀ síwájú.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ ra ìwé kékeré ẹlẹ́yìn líle kan tó lè wọ àpò ṣòkòtò, kí ẹ sì ra pẹ́ńsù méjì. Bíírò kò bá oko mu: òjò kan ṣoṣo lè fọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dànù. Ojú ewé ọ̀tún nìkan la máa ń kọ nǹkan sí. Ti òsì wà fún ohun tí ẹ bá rántí lálẹ́. Ẹ̀rọ ìṣirò olówó pọ́ọ́kú ti tó. Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹni mẹ́ta lè dáwó ra àlòkù kan, torí ọ̀fẹ́ ni R tí a fi ń ṣe ìṣirò àti QGIS tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀. Bó bá jẹ́ Excel tí wọ́n ṣètò sí èdè Faransé lẹ ń lò, àmì kọ́mà ni kí ẹ fi pín nọ́ńbà, kì í ṣe àmì ìdánudúró. Ẹ tẹ 13.5 sí i, ó lè sọ ọ́ di ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìrìn omi nínú páìpù kò le, ẹ kàn máa ṣe ìdánwò àtijọ́ léraléra. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ náà kò le. Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú, tí mo ti rí i tó gbé ọlọ́gbọ́n ṣubú, ni omi inú àgbàdo.

Lọ́dún kejì mi, wọ́n fún àwa márùn-ún ní TP kan, ìyẹn iṣẹ́ àfọwọ́ṣe: 100 kg àgbàdo tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 25%, ẹ gbẹ ẹ́ dé 13%, kílò omi mélòó ló máa jáde? A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. A yọ 13 kúrò nínú 25, a kọ 12. Èmi gan-an ni mo di pẹ́ńsù mú. Olùkọ́ kò bá wa wí. Ó fi bíírò pupa yí 12 yẹn po, ó ní ká lọ tà á lọ́jà.

Ẹ bá mi kà á díẹ̀díẹ̀. Nínú 100 kg yẹn, omi jẹ́ 25, ara àgbàdo tí kò lómi jẹ́ 75. Oòrùn kì í gbé 75 yìí lọ. Bí àgbàdo bá gbẹ dé 13%, ara rẹ̀ á jẹ́ 87% ohun tó kù. Ẹ fi 0,87 pín 75, ẹ óò rí 86,2 kg. Omi tó jáde jẹ́ 13,8 kg. Ẹni tó bá dúró ní 12, 88 kg ló kù sí i lọ́wọ́, omi 13 kg ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15%. Kó di irú rẹ̀ sínú àpò lásìkò òjò, kó wá ti ọwọ́ bọ àárín àpò náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó máa gbóná. Àgbàdo inú àpò ń mí, ó ń tú ooru àti omi jáde, kò sì ní pẹ́ tó fi máa bu. Èyí tí ẹ̀bu tó ń jẹ́ Aspergillus flavus bá mú bu lè ní májèlé aflatoxin nínú, síse lásán kì í sì í lé e kúrò.

Ọ̀fìn kejì fara pẹ́ ẹ. 25 kg omi yẹn nínú 100 kg jẹ́ 25%. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wé ara àgbàdo gbígbẹ nìkan, 25 sí 75, ó di 33,3%. Omi kan náà ni, nọ́ńbà méjì. Àwọn tó ń ra àgbàdo ń lo ti àkọ́kọ́. Ìwé nípa ìgbígbẹ sábà máa ń lo ìkejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, a kì í kọ % lásán. Ẹ kọ bh tàbí bs sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, base humide tàbí base sèche, kódà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ọmọ tí mo bá ń kọ́, tí kò bá kọ ọ́, mi ò ní ka ìyókù.

Ọ̀nà àbùjá kan wà láti mọ̀ bóyá àgbàdo ti gbẹ, tí kò ná yín ní nǹkan. Ẹ wá ìgò gbígbẹ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu síbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo ti kọjá 15%. Bí kò bá lẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó dára fún ọjà, ó dára fún ilé. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìròyìn TP.

Sítáàjì ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí Songhai, oko ìkẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí Fàdá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ohun tí ẹyẹ yà sílẹ̀ níbẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí mìíràn ń jẹ ẹ́. Ẹ dúró ti kòtò gáàsì fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó ṣí ìwé tó sọ nípa rẹ̀. Ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe ń po ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ omi, àti ìdí tí afẹ́fẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ wọlé.

Fún iṣẹ́ ìparí, ẹ yan ohun tí ẹ lè wọ̀n lójoojúmọ́ láì tọrọ mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ omi inú àgbàdo lẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ óò gbẹ ẹ́ nínú étuve, ààrò iná mànàmáná inú lábù: hóró odindi, 103°C, wákàtí 72. Kì í ṣe 24. Àwọn tó ń kó o jáde ní 24 torí pé ọjọ́ Sátidé ti dé pọ̀ ju ẹni tó ń dúró lọ. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní gbígbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gòkè lára agolo máa jẹ́ kó fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ dé e, ẹ gbé e sínú ìgò gbígbẹ tó ní ọmọrí líle kó tutù níbẹ̀. Bí ìgò lábù kò bá tó, èmi a máa kó àwọn àpò hóró kéékèèké tó ń fa omi mu, tó ń wà nínú páálí bàtà, jọ, màá gbẹ wọ́n nínú ààrò, màá tò wọ́n sísàlẹ̀ ìgò.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ààrò, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn: orúkọ yín, wákàtí tí ẹ kó o sí i, wákàtí tí wọ́n lè ṣí i, àti nọ́ńbà tí ọlọ́dẹ máa pè bí iná bá lọ lóru.