Bí mo ṣe pààrọ̀ ELT inú Cessna 172 kan n'Íkẹjà

ELT ni ẹ̀rọ tó máa ń ké jáde fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ òfuurufú bá já. Ti ọkọ̀ yìí, orí ìgbì rédíò 121.5 MHz nìkan ló ń ké sí. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò àgbáyé tó ń gbọ́ igbe ẹni tó wà nínú ewu, kò ti gbọ́ 121.5 mọ́, àfi kí ọkọ̀ mìíràn tó ń kọjá gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun tá à ń fi ta tẹ́tẹ́.

A ra èyí tó ń lo 406 MHz, tí sátẹ́láìtì ń gbọ́. Nígbà tí mo dè é tán nínú ìrù ọkọ̀ tí mo dán an wò, iná àṣìṣe ń ṣẹ́jú. Ọ̀gá mi ní bátìrì ni, àmọ́ bátìrì náà ṣì lágbára dáadáa. Ẹ̀ríálì ni! Ti 121.5 ló ṣì wà lórí ọkọ̀, kò lè gbé 406. Mo fi tuntun sí i, mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀, mo sì fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan irin. Iná náà kú.

Ó ku kóòdù tó ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ náà ti wá, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ti Amẹ́ríkà ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Tó bá ké, ọ̀hún ni wọ́n á ti kọ́kọ́ máa wá olówó rẹ̀. Ọkọ̀ 5N, ìyẹn àmì ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà, ni tiwa, nítorí náà a ní kí wọ́n yí i sí 657, nọ́ńbà Nàìjíríà, a sì fi nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ nínú wákàtí ni kẹ́ ẹ máa dán tiyín wò.