Bí mo ṣe kọ plan d'affaires (ìwé ètò òwò) gàrí wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n tó yá wa lówó

"Oṣù wo lowó máa kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ yín?" Ohun tí ọ̀gá tó gba ìwé lọ́wọ́ mi níbi tí wọ́n ti ń yáni lówó bi mí nìyẹn, ẹnu mi kàn há. Ojú ìwé 23 ni mo gbé lọ o! Mo ti ròyìn bí màmá mi ṣe ń yan gàrí láti kékeré, mo fi fọ́tò sí i, mo ní gbogbo Benin ló ń jẹ gàrí. Ó ṣí i wò díẹ̀, ó ní kí n lọ tún un kọ.

Inú bí mi, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ìgbà tó rọlẹ̀ mo ra ìwé kékeré kan, mo sọ fún màmá pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kọ́bọ̀ tó bá wọlé, kọ́bọ̀ tó bá jáde, kí wọ́n pè mí kí n kọ ọ́. Mo ti kọ tẹ́lẹ̀ pé tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan á fún wa ní gàrí 250 kílò, níbo ni mo ti rí i, orí ara mi ni. A wá gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, 190, 205, 200. Èèpo ti lọ, omi ti lọ, iná náà gbẹ tirẹ̀. Kílò 50 tó pòórá yẹn gan-an lèrè tí mo ń fi yangàn! Owó àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ náà ò sí ńbẹ̀ rárá, torí gàrí ni màmá fi ń san án, wọn ò kà á sówó.

Ibi tó pẹ́ mi jù ni oṣù méjìlá tí mo tò sílẹ̀, èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù. Bí mo ṣe dé June ni mo rí i, òjò ti dé, igi ìdáná tutù, ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, 60,000 francs CFA la máa jẹ gbèsè. Màmá ní, "Ta ló ń san gbèsè nínú òjò?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́, pé ká san díẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá yá wa ní June àti July, ká wá san púpọ̀ tí òjò bá ti dá.

"Gbogbo Benin" náà, mo pa á rẹ́. Mo kọ àwọn ìyá mẹ́rin tó ń ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà wá lọ́jọ́ ọjà, àti iye àpò tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń rà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, tí CFA tiwa so mọ́ euro ní tiẹ̀, gàrí wa di ọ̀wọ́n lójú wọn, ni mo bá wá oníbàárà kan kún un ní Bohicon, kì í san tó tiwọn, àmọ́ CFA ló ń san. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ náírà síbẹ̀, pé ó máa bà wọ́n lẹ́rù. Mo kọ ọ́. Òun gan-an ni ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ bi mí nígbà tí mo padà lọ.

IFU (nọ́ńbà owó orí), àti proforma (ìwé iye owó ẹ̀rọ) lọ́wọ́ súdọ́ọ̀, ajórin tó máa ṣe ẹ̀rọ, ìyẹn ò le, ọjọ́ méjì.

900,000 la tọrọ: ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ 450,000, ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń fún omi rẹ̀ jáde 200,000, ìyókù fún ẹ̀gẹ́ rírà. 700,000 ni wọ́n fún wa. Nítorí náà, ẹ̀rọ ti ń rin ẹ̀gẹ́ o, àmọ́ òkúta la ṣì ń gbé lé àpò kómi ó lè jáde.