Títọ́jú Ara Nígbà Tí Èèyàn Ń Wá Iṣẹ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Òṣogbo

Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde nílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri láti Òkè-Fíà dé ọ́fíìsì ìjọba ní Abéré kì í fi nǹkan kan sẹ́nu títí oòrùn á fi kanrí. Búrẹ́dì àti mínírà ni wọ́n sì máa ń fi panu lọ́sàn-án. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín máa ń dúró pẹ́ nínú ikùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bu omi sínú ike dání.

Iṣẹ́ ni wíwá iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí tirẹ̀. Láti aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán tó fún kíkọ lẹ́tà, fífi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti pípe àwọn tí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù jù sílẹ̀. Ta ló fẹ́ fèsì láago 2 òru? Oorun nìkan lẹ máa pàdánù, àgbàlagbà sì nílò tó wákàtí 7 lálaalẹ́.

Tí ọkàn kò bá balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ara náà á sọ ọ́: orí á máa fọ́, inú á máa run, àyà á máa já. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ga láìjẹ́ pé èèyàn mọ nǹkan kan lára, kódà lára ọ̀dọ́. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró tàbí ní èyí tó wà ládùúgbò yín. Tó bá ń dé 140/90 léraléra, ẹ rí dókítà. Ẹ má lọ ra oògùn oorun tàbí tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, ní kẹ́míìsì. Oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú, àmujù rẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é ní 2018. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Láti Ọjà Ọba sí Ìgbọ̀nà kò gba ọ̀kadà.

Tí àyè bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ẹ ti ń gé e. Ẹni tí iléeṣẹ́ kò dá lóhùn láti oṣù mélòó kan nílò ohun tó máa tètè dá a lóhùn, ilẹ̀ kì í sì í ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí wá. Èyí tí ẹ ò bá jẹ, ẹ tà á.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kó tó bá yín wáṣẹ́, gbájúẹ̀ ni. Ẹ má lọ yá owó láti san fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ìbéèrè yín pọ̀. “Ṣé wọ́n ti pè ẹ́?” Ìfẹ́ lẹ fi ń béèrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ láàárọ̀, tó tún gbọ́ ọ lálẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa dúró síta títí gbogbo ilé á fi sùn. Tí wọ́n bá pè é, ṣé ẹ rò pé ó lè pa á mọ́ra? Ẹ bi í pé kí ló jẹ. Ẹ má fi í wé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó. Ẹ jẹ́ kó máa dá sí ọ̀rọ̀ ilé bíi tẹ́lẹ̀, nítorí àìríṣẹ́ kò sọ ọ́ di ọmọdé.

Tí ìbànújẹ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí kò jẹun dáadáa, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wòlíì àti ààfáà lè máa gbàdúrà lọ, kí wọ́n má sáà ní kó jáwọ́ nínú oògùn. Tó bá sì ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ má kà á sí òwe lásán. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn ẹ̀fọn àti oògùn apakòkòrò oko kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn gan-an.