Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Lọ Pàgọ́ Sí Etí Adágún Ọ̀yán

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń parí lọ, tí oòrùn sì ràn fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí òjò, àwọn kan nínú wa ní Abẹ́òkúta a máa di àgọ́ aláṣọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á sì kọrí sí etí adágún Ọ̀yán láti lọ sùn nínú igbó fún òru kan tàbí méjì. Èmi náà máa ń bá wọn lọ, nítorí àsìkò tó dára ni: ewéko ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì dé, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Ejò ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kí wọ́n tó lọ, ṣùgbọ́n omi ló ń fi ìyà jẹ wá jù níbẹ̀.

Ẹ má ṣe pàgọ́ sórí iyanrìn etí omi. Òótọ́ ni pé ó tẹ́jú, ó sì rọ̀ lábẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n èèkàn kì í dúró nínú rẹ̀ bí ìjì bá dé, omi náà ló sì gbé iyanrìn ọ̀hún wá síbẹ̀. Dáàmù tí wọ́n parí ní ọdún 1983, tó ń pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, ló dá adágún yìí sílẹ̀. Ìparí òjò ni ó máa ń kún jù, òjò tó bá sì rọ̀ lókè odò, níbi tí ẹ kò ti lè gbọ́ àrá rẹ̀, lè mú kí omi gòkè wá bá yín lójú oorun. Ìsàlẹ̀ dáàmù tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí omi lè fà, odò á kún nígbà tí kò sí ẹ̀kán òjò kan. Ẹ wo ibi tí pàǹtírí àti igi gbígbẹ tò sí lẹ́bàá omi. Ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn, ẹ sì gòkè kọjá rẹ̀ dáadáa.

Àwọn tó sá fún odò a tún máa lọ fi ẹsẹ̀ àpáta ṣe ibùdó. A mọ̀ pé Olúmọ ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1830, ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta ni wọ́n wà, wọn kò sí ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣàn bọ̀. Lọ́dún kan, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, èmi fúnra mi ni mo yan irú ibẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Kí a tó rí tọ́ọ̀ṣì tàn, bàtà ti ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wa, gààrí inú àpò sì ti wú.

Èyí tí mo kà sí àṣìṣe tó burú jù ni wíwẹ̀ nínú adágún náà. Àtọ̀sí ajá wà ní àwọn abúlé etí omi yìí, àwọn olùwádìí sì ti kọ nípa rẹ̀ léraléra. Orúkọ rẹ̀ máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kò kan ajá, kò sì kan ìbálòpọ̀: kòkòrò kékeré tí ojú kò lè rí ló ń jáde lára ìgbín omi, tó sì ń wọ awọ ara ẹni tó bá wà nínú omi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí egbò kankan. Ọ̀sán gangan, tí ooru mú, tí omi sì wù wá jù, ni wọ́n máa ń jáde jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú ìtọ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, nítorí náà kí ẹni tó bá ti wẹ̀ níbẹ̀ sọ fún dókítà láìtijú. Ẹ gbé omi láti ilé. Bí ti adágún bá di dandan, ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún tàbí kí ẹ tó fi wẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé ìkòkò eléèédú wọ inú àgọ́ nítorí òtútù òru. Èédú tó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn sílẹ̀, ó sì lè pa gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta jí. Aṣọ ìbora méjì sàn jù ú lọ.

Ní ti ọ̀nà inú igbó, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn nítorí wèrèpè, ẹ má sì ṣe pàgọ́ sójú ọ̀nà ìjàlọ. Kí ẹ tó wọ igbó èyíkéyìí rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá Orò yóò jáde, pàápàá bí obìnrin bá wà láàárín yín. Mo ti rí ẹgbẹ́ kan tó ní láti tú àgọ́ ká ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé wọn kò béèrè. Bí ẹ bá ti wà lọ́dọ̀ baálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ apẹja kan, kí ó fi ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá hàn yín.