PCR fún jẹ́nótáìpù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Jíìnì beta-globin, èyí tó ń pinnu jẹ́nótáìpù AA, AS tàbí SS, ni mo ń fi PCR (ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA lọ́pọ̀lọpọ̀) wá nínú DNA ẹ̀jẹ̀. Ladder, DNA tí a fi ń díwọ̀n gígùn ìlà, hàn kedere lórí jẹ́ẹ̀lì, àmọ́ ìlà kankan ò yọ fún ẹ̀jẹ̀ tí mo lò.

Ìdáhùn: Bí ladder bá ti hàn, jẹ́ẹ̀lì kọ́ ló fà á. Irú ìgò wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí? Heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń dí Taq, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà DNA, lọ́wọ́. Ìgò EDTA, olómorí elése àlùkò, ni kí ẹ máa béèrè fún. Bí DNA náà bá ṣì pọ́n, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló kù sínú rẹ̀, òun náà ń dí Taq lọ́wọ́. Ẹ bu ìdá kan DNA sínú ìdá mẹ́sàn-án omi, kí ẹ tún un ṣe. Bí ìlà bá wá yọ, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ló fà á, kì í ṣe àìtó DNA.

Bí kò bá yọ, ẹ gbé DNA mìíràn tó ti ṣiṣẹ́ rí sí i. Bí ìyẹn náà ò bá yọ, ẹ yẹ dNTP, èròjà tí Taq fi ń kọ́ DNA, wò. Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, yíyọ́ àti dídì lemọ́lemọ́ ń bà á jẹ́. Ẹ máa pín in sí ìgò kéékèèké.

Ìbéèrè: Ìlà yọ nínú ìgò tí mi ò fi DNA sí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ibi tí ẹ ti ń po èròjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣí èyí tó ti jáde nínú ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Mo fi DdeI, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, gé ohun tí PCR mú jáde, àfi bíi pé gbogbo ènìyàn ni AS.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní èsì yẹn o. Níbi tí jíìnì A ti ní lẹ́tà DNA GAG, GTG ni jíìnì S ní, ìyípadà yẹn ló pa ojú ibi tí DdeI ti ń gé rẹ́. (Àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde yìí gan-an ni wọ́n fi kọ́kọ́ fi PCR han aráyé ní 1985.) Bí DdeI ò bá gé e tán, èyí tó ṣẹ́kù láìgé á mú kí AA dà bí AS, ó sì lè tú àdéhùn ìgbéyàwó ká láìnídìí. Ẹ fi DNA ẹni tó dájú pé AA ni sí gbogbo ìgé. Bí tirẹ̀ náà bá ní ìlà tí kò gé, ẹ fi àkókò kún un, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ẹ́ńsáìmù.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí pé a kì í sọ tó: DdeI ò mọ C, oríṣi jíìnì yìí mìíràn, yàtọ̀ sí A. AAG ni C ní, ó sì ń gé e. AC á jáde bí AA, SC á jáde bí AS. Láàárín àwa Yorùbá tí C pọ̀ sí, ẹ fi ẹlẹkitirofórẹ́sìsì hemoglobin (fífi iná mànàmáná ya oríṣi hemoglobin sọ́tọ̀) ṣe ẹlẹ́rìí kí ẹ tó fọwọ́ sí èsì.