Bí A Ṣe Ń To Álíbọ́ọ̀mù Tó Ju Síídì Kan Lọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ti da síídì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó jẹ́ ti álíbọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà yóò ti rí i pé àwọn orin náà kì í fẹ́ jókòó sí àyè wọn. Orin kìíní síídì kìíní yóò kọ́kọ́ dún, orin kìíní síídì kejì yóò tẹ̀ lé e, ti síídì kẹta yóò sì tún dé, kí ó tó kan orin kejì rárá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, álíbọ́ọ̀mù kan náà yóò pín sí mẹ́ta lójú ẹ̀rọ. Kò sí ohun tí ó ṣe àwọn fáìlì wọ̀nyí; ohun tí a kọ sí wọn lára, tàbí tí a gbàgbé láti kọ, ni ó fà á.

Inú fáìlì orin kọ̀ọ̀kan ni a ń kọ orúkọ orin, orúkọ olórin àti nọ́ńbà rẹ̀ sí, èyí tí a ń pè ní táàgì. Oríṣi fáìlì orin ni MP3 àti FLAC: táàgì ti MP3 ni ID3, ti FLAC sì ni Vorbis comment. Ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń gbọ́ orin lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í wo fódà tí a kó orin sí; táàgì ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó bá to fódà rẹ̀ dáadáa tí kò tún táàgì ṣe, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Kí a mú àpẹẹrẹ láti ìlú wa. Ká sọ pé ẹnì kan ní Òṣogbo gba ohùn ìlù àti orin sílẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, tí ó sì pín in sí síídì mẹ́rin: èyí tí ó gbà lọ́jọ́ Ìwọ́pópó, èyí tí ó gbà ní alẹ́ tí wọ́n tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, èyí tí ó gbà lọ́jọ́ Ìboríadé, àti ti ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá lọ sí ojúbọ. Síídì mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n álíbọ́ọ̀mù kan ni. Ní àyè tí ó ń jẹ́ Album, orúkọ kan náà ni yóò kọ sí gbogbo fáìlì, láìyọ lẹ́tà kan: «Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo». Ní Album Artist, orúkọ kan náà ni yóò tún kọ sí gbogbo wọn, kódà bí ó bá jẹ́ pé onílù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú síídì kọ̀ọ̀kan. Àyè Artist ni a ń kọ orúkọ àwọn onílù náà sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Disc Number, 1/4 ni ti Ìwọ́pópó, 2/4 ni ti alẹ́ iná, títí dé 4/4. Ní Track Number, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 nínú síídì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọjọ́ náà gan-an ní àyè tirẹ̀, èyí tí Picard, ètò kan tí a fi ń kọ táàgì, ń pè ní Disc Subtitle, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ètò orin ni ó ń fi í hàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kọ «CD 1» àti «CD 2» mọ́ orúkọ álíbọ́ọ̀mù. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ìyẹn gan-an ni ó ń pín álíbọ́ọ̀mù sí wẹ́wẹ́. Àṣà náà ní ìdí tirẹ̀ nígbà kan: ID3 àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1996, kò ní àyè kankan fún nọ́ńbà síídì, lẹ́tà 30 péré ni ó sì gbà fún orúkọ álíbọ́ọ̀mù. ID3v2 tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti pèsè àyè náà, nítorí náà kò sí ohun tí ó tún ń fipá mú wa.

Ohun kan wà tí ó kan àwa tí a ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní kóòdù, tí ó kó àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ẹ tán kí ó tó fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè kọ é kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú ọ̀pọ̀ ètò orin, orúkọ méjì ni. Báyìí ni álíbọ́ọ̀mù tí a kọ táàgì síídì rẹ̀ kan lórí fóònù, tí a kọ ti ìyókù lórí kọ̀ǹpútà, ṣe ń pín sí méjì tí a kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú orúkọ wọn bí a tilẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí a kọpí rẹ̀, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo fáìlì yòókù. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lè kọ orúkọ láìfi àmì sí i rárá, ṣùgbọ́n kò dára kí a fi àmì sí òmíràn kí a fi òmíràn sílẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, Mp3tag ni mo máa ń júwe fún ẹni tí ó ń lo Windows, nítorí pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ da gbogbo orin náà kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí fódà síídì kan, kí a fi Ctrl+A mú gbogbo fáìlì rẹ̀, kí a kọ Album, Album Artist àti Discnumber sí àyè wọn ní apá òsì. Ibi tí a bá ti rí «<keep>», kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni yóò dá dúró níbẹ̀. Ctrl+S ni a fi ń pa á mọ́. Fún nọ́ńbà orin, kí a kọ́kọ́ rí i pé wọ́n tò bí wọ́n ṣe wà lórí síídì, kí a tó tẹ Ctrl+K. MusicBrainz Picard lè wá gbogbo nǹkan wọ̀nyí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì dára púpọ̀ fún álíbọ́ọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé gbogbo àwo àpàlà àti sákárà àtijọ́ ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí ó ń lo fláàṣì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka táàgì sí; orúkọ fáìlì ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òmíràn a sì máa fi 10 ṣáájú 2. Nítorí èyí, kí orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà síídì, kí òǹkà méjì ti orin tẹ̀ lé e, bíi 1-01, 1-02, 2-01. Nínú Mp3tag, Alt+1 ni a ó tẹ̀, a ó sì kọ: $num(%discnumber%,1)-$num(%track%,2) %title%. Bí a bá ṣe èyí, gbogbo síídì náà lè wà nínú fódà kan láìdàrú mọ́ra. Orin tí wọ́n bá sì kó sínú fláàṣì fún wa ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọláìyá ní Òṣogbo, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ orúkọ ìkànnì kan ni ó wà ní àyè Album. Kí a pa á rẹ́ kí a tó ṣe ohunkóhun.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ ní òfin tirẹ̀. Ojú kìíní àti ojú kejì kì í ṣe síídì méjì. Àwo kan ni, nọ́ńbà orin ojú kejì sì gbọ́dọ̀ máa bá ti ojú kìíní lọ. Bí olórin bá so orin márùn-ún pọ̀ láìsinmi títí ojú kan fi parí, èmi kì í gé e, nítorí pé ìlù tí ó so wọ́n pọ̀ wà lára orin náà. Fáìlì kan fún ojú kan tó, kí a sì to orúkọ àwọn orin inú rẹ̀ sí àyè Comment. Bẹ́ẹ̀ náà ni páálí tí wọ́n kó álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta tí ó ti dá jáde tẹ́lẹ̀ sí: kí kálukú wọn máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀, pẹ̀lú ọdún tirẹ̀.

Àwòrán iwájú kan náà ni kí a fi sí gbogbo fáìlì. Bí a bá ń fi ReplayGain ṣe ohùn ní dọ́gba, gbogbo síídì náà ni kí a mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ohùn ìkan má baà ga ju ti èkejì lọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a jẹ́ kí ètò orin tún fódà náà kà, kí a sì to àkójọ náà ní ẹsẹẹsẹ Album. Bí orúkọ kan bá ṣì jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí a wò ó bóyá àyè òfìfo kan wà lẹ́yìn lẹ́tà ìkẹyìn nínú ọ̀kan nínú wọn. Bí kò bá sí, àmì ohùn ni kí a fura sí, kí a sì tún orúkọ náà tẹ̀ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.