Bí ẹ ṣe lè yí ìrònú yín àtohun tó ti mọ́ yín lára padà

Tẹ́ ẹ bá jókòó díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí ní Arákalẹ̀ tàbí lágbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ọ, "bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn", "orí mi ò gba ìṣirò", "owó kì í dúró lọ́wọ́ mi". Ó máa ń dùn mí gan-an tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló ń sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní àbímọ́ yẹn, ó kàn ti mọ́ wa lára ni, ohun tó bá sì mọ́ èèyàn lára, a lè fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ọkàn yín bá yí padà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é, kó kéré débi tẹ́ ò fi ní rí àwáwí wí, ọkàn á tẹ̀ lé e tó bá yá.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìsìnkàn, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá rán an tán tó yí i síta, ẹnu kan á ṣe ṣónṣó, èkejì á rí roboto, ọ̀gá ẹ̀ á tú u, wọ́n á ní kó lọ máa rán síkẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbà pé kọ́là ò sí fún òun láyé yìí. Nígbà tó yá ìyá kan tí wọ́n jọ ń ṣọ́ọ̀ṣì ní kó máa rán kọ́là kan ṣoṣo láràárọ̀, kó má rán méjì o, lórí àjákù aṣọ, tó bá ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó sì ti fi epo sí màṣíìnì tán, kí oníbàárà tó dé. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i fúnra ẹ̀ pé ibi tóun ti ń gé etí aṣọ kù tó bá kan igun ni ìṣòro wà, kì í ṣe orí òun. Nígbà tí iṣẹ́ ọdún Kérésì wọlé, ọ̀gá ẹ̀ ń kó ṣẹ́ẹ̀tì fún un. Èyí tó tiẹ̀ wú mi lórí jù ni pé òun fúnra ẹ̀ ló wá lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n kọ́ òun ní ṣòkòtò ọkùnrin.

Carol Dweck, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá gbà pé ibi tí ọpọlọ òun mọ nìyẹn, tí nǹkan bá ti le ó máa ń fẹ́ sá fún un, ẹni tó gbà pé òun ṣì lè kọ́ ọ á máa wá ọ̀nà míì. Òun àti ẹnì kejì ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 1998, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n yìn torí pé wọ́n sapá fara da iṣẹ́ tó le ju àwọn tí wọ́n yìn pé ọpọlọ wọn pé lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí tọ́mọ bá mú èsì ìdánwò wálé.

Tó bá wá kan ṣíṣe é, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́. Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1999, pé ẹni tó bá ti pinnu ìgbà àti ibi tóun ti máa ṣe nǹkan sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní "màá gbìyànjú". Ẹ sọ ọ́ báyìí: tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, tàbí tí mo bá ti ṣàdúrà òwúrọ̀ tán, màá ka ojú ìwé méjì kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Àmọ́ ẹ má so ó mọ́ iná NEPA o, "tí wọ́n bá ti mú iná wá" yẹn ò lè gbé yín débì kankan, ẹ̀yin náà mọ̀. Fífa omi, ṣíṣí ṣọ́ọ̀bù, mímu ògì àárọ̀, ìwọ̀nyẹn kì í yẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ 21 ló máa gbà kí nǹkan tó mọ́ yín lára. Ẹ má gbà á gbọ́ jù. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12, nínú èsì tó jáde ní 2010, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó wà láàárín wọn kó tó mọ́ ọn lára, ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, ìṣirò wọn sì fi hàn pé ti ẹlòmíì lè tó ọjọ́ 254. Omi mímu tètè mọ́ wọn lára ju eré ìdárayá lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ yín ju tọ̀rẹ́ yín lọ, kò sóhun tó ṣe yín.

Ẹ tún ibi tẹ́ ẹ wà ṣe pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ fóònù ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ lọ máa cháàjì ẹ̀ ní pálọ̀, kẹ́ ẹ ra aago kékeré tó ń dún sí yàrá. Tó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, ẹ yọ áàpù ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gba títì míì lọ síbi iṣẹ́.

Ní ti owó, àwọn bàbá wa ti yanjú ẹ̀ tipẹ́. Alájọ máa ń wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, á sàmì sí káàdì, tóṣù bá parí á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún yín. Ẹ ò ní láti máa bá ọkàn yín jà lálaalẹ́ bóyá kẹ́ ẹ tọ́jú owó àbí kẹ́ ẹ má tọ́jú ẹ̀, ẹni tó ń gbà á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣáà wá ẹni tẹ́ ẹ mọlé ẹ̀, tó ti ń gbàjọ́ ládùúgbò tipẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ìwádìí Lally yẹn náà rí i pé fífo ẹ̀ẹ̀kan ò ba nǹkan jẹ́. Ẹ má ní ẹ fẹ́ ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i, ìyẹn ló máa ń sú èèyàn. Kọ́là kan ṣoṣo yẹn náà ni kẹ́ ẹ rán.